Ìgbà Ìrúwé Tí Mo Ń Ṣọ́ Agbo Khongor

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, 1994. Shar Tolgoi.

Ọkọ̀ akẹ́rù já mi sílẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, èmi àti àpótí kan, àpò ìyẹ̀fun kan, àti awò tí ń fa ọ̀ọ́kán súnmọ́ni. Ọ̀gá Sodnom ní kí n máa tọ́jú awò náà bí ẹyinjú, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ ní. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bí ẹni tí ń bínú. Bàbá Dagva, olùṣọ́ ibùdó, yọ láti inú àgọ́, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn máa rán onímọ̀ ẹranko sí mi."

"Èmi náà rèé, Bàbá."

"Hẹ̀n. Mo rò pé ọmọ rẹ̀ ni wọ́n rán ṣáájú."

Tíì oníyọ̀ rẹ̀ gbóná, ó sì fẹ́lẹ́ bí omi. Mo mu abọ́ mẹ́ta.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi máa dán mi wò. Uranaa, ọmọbìnrin mi, wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi nílùú. Nígbà tí mo ń jáde láàárọ̀, ọmọ náà ń sùn, mi ò sì jí i. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe é re.


Ọjọ́ kẹtàlá.

Mo rí àwọn ẹṣin ìgbẹ́ náà! Mẹ́jọ ni wọ́n, akọ kan, abo méje, lórí òkè tó kọjú sí oòrùn. Àwọ̀ wọn dà bí koríko gbígbẹ. Tí wọn ò bá mira, o ò ní mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí wà níbẹ̀. Baba ńlá wọn ló ni ilẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n inú ọgbà ẹranko nílẹ̀ òkèèrè ni wọ́n bí àwọn sí, lẹ́yìn irin, níwájú àwọn tó ń sanwó wo wọ́n. Ọdún méjì ni wọ́n lò nínú ọgbà ibí. Ìgbà ìwọ́wé tó kọjá ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Iṣẹ́ mi: kí n tẹ̀lé wọn láti ìdájí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí n sì kọ sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ibi tí wọ́n wà, ohun tí wọ́n ń jẹ, ẹni tó dúró ti ẹnì kejì. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Mi ò gbọdọ̀ bọ́ wọn. Mi ò gbọdọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. "Ẹni tó bá ràn wọ́n lọ́wọ́ ti dá wọn padà sẹ́yìn irin nìyẹn," ni Ọ̀gá Sodnom wí, ó sì mú mi tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́ kí n wọkọ̀.

Bàbá Dagva ti fún gbogbo wọn lórúkọ. Khongor ni akọ. Zes pupa bí idẹ, oyún rẹ̀ sì ti yọ. Gilbe ló kéré jù, gbogbo egungun ìhà rẹ̀ ló ṣeé kà. Èyí tó máa ń ṣíwájú àwọn yòókù, tó lágídí, tó sì lóyún, Dulmaa ni wọ́n ń pè é.

"Mo ní aládùúgbò kan rí tó ń jẹ́ Dulmaa," ni Bàbá wí. "Orí kunkun wọn dọ́gba."

Mi ò sọ fún un pé orúkọ ìyá ọkọ mi nìyẹn.


Ọjọ́ kọkàndínlógún.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin mi kí n lè kọ̀wé. Mo gbàgbé láti so ó. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìdí rẹ̀ ni mo rí, ó ń sáré padà sílé. Mo fẹsẹ̀ rìn kìlómítà mẹ́rìnlá. Bàbá Dagva jókòó sẹ́nu ọ̀nà àgọ́, ó ń fín aṣáà, ẹṣin mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi pé wọ́n jọ ń retí àlejò.

"Akọ̀wé," ló wí, "ẹṣin mẹ́jọ lo lọ ṣọ́. Mélòó ló kù?"

"Mẹ́jọ, Bàbá. Gbogbo wọn pé."

"A dúpẹ́. Èyí tó o gùn nìkan ló sá."

Ẹsẹ̀ mi ti bó.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Mi ò tíì lè súnmọ́ wọn ju ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ lọ. Bí mo bá ti ń bọ̀, Dulmaa á gbórí sókè, á yí padà, àwọn yòókù á sì tẹ̀lé e. Mo rojọ́ fún Bàbá.

"O ń wò wọ́n jù," ló wí. "Ohun tó bá ń tẹjú mọ́ni, ẹran ló fẹ́ jẹ. Jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ wọn á ti máa fẹ́ sí ọ lójú. Wá nǹkan ṣe. Rán ìbọ̀sẹ̀ rẹ."

Láti òní, mò ń rán ìbọ̀sẹ̀.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin.

Eruku. A ò rí ìka ọwọ́ wa. Erùpẹ̀ wà nínú tíì, nínú ìyẹ̀fun, nínú eyín mi. Mẹ́jọ.


Ọjọ́ kẹjọ.

Bàbá fi alùpùpù gbé mi lọ sílùú kékeré, sí ilé ìfìwéránṣẹ́, kí n lè tẹ ilé láago. Ogójì kìlómítà, eegun ìdí mi kò tíì dárí jì mí. Kìlò ìyẹ̀fun kan ti di igba owó tögrög, bẹ́ẹ̀ ni àdóje ló wà nígbà tí mò ń bọ̀. A tò fún wákàtí méjì. Màmá, ìyá ọkọ mi, ló gbé e.

"Ọmọ ń wúkọ́," ni wọ́n wí, wọn ò tilẹ̀ kí mi. "Èéfín èédú ìlú yìí ni. Àwọn ẹṣin tó o lọ ń tọ́jú yẹn, ṣé wọn ò ní ìyá tiwọn ni?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní fóònù."

Mo gbọ́ tó ń mí. Mo ní, "Uranaa, èmi ni." Ó ń mí. Mo ní, "Mo rí òkété orí òkè kan lánàá, ó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì bí ọlọ́pàá." Ó ń mí. Lẹ́yìn náà, ohùn Màmá padà wá.

"Kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ń wo ihò fóònù bóyá wàá yọ jáde."

Lọ́nà, Bàbá rọra ń wa alùpùpù náà lọ.


Ọjọ́ kọkànlá.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí mo ti ń jókòó ti àwọn ìbọ̀sẹ̀ yìí. Lónìí, Dulmaa gbórí sókè, ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹko padà. Ọgọ́ta ìṣísẹ̀! Mo ń gbọ́ bí eyín rẹ̀ ṣe ń fa koríko. Ìbọ̀sẹ̀ tí mo rán kò bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n.

Zes bímọ ní ìdájí. Nígbà tí mo dé, ọmọ náà ṣì tutù, ó ń gbìyànjú láti dìde. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹfà. Ní ìgbà keje, ó dúró, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya sí ọ̀nà mẹ́rin. Mo sunkún, mo sì kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀: aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n di mẹ́sàn-án. Bàbá wọ́n wàrà sí afẹ́fẹ́, ó súre.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n.

Mi ò fẹ́ kọ èyí.

Aago méje kọjá díẹ̀ láàárọ̀. Ìkookò méjì gòkè wá láti inú ipadò gbígbẹ. Wọn ò sáré, wọ́n ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Zes rí wọn. Ó dúró, ó ń wò wọ́n bó ṣe máa ń wo àwọn àlejò ọgbà ẹranko. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n jẹ́. Àwọn yòókù ló kọ́kọ́ ta kìjí, wọ́n fọ́n ká, Khongor sì bá wọn lọ. Nígbà tí Zes fi máa yíjú padà, wọ́n ti mú ọmọ rẹ̀.

Ọgọ́rin ìṣísẹ̀ ni mo wà sí i. Mo ní ẹnu. Mo ní ọwọ́. Mo ní ẹṣin tí mo so dáadáa. Ọwọ́ mi ni mo fi bo ẹnu ara mi, nítorí òfin.

Zes dúró síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀: Zes wà níbi kan náà. Zes wà níbi kan náà.

Mẹ́jọ.


Ọjọ́ kìíní, oṣù karùn-ún.

Mo bá Ọ̀gá Sodnom sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó ní, "O ṣe ohun tó tọ́." Mo ní kò jọ lójú mi pé mo ṣe ohunkóhun. Ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfi ohun kan pamọ́, kí n sì kọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láàárín wa.

Bàbá ń ta okùn. Mo jókòó tì í.

"Bàbá, ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ìkookò yẹn..."

"Ṣẹ́ẹ̀! Má pè é lórúkọ. Ajá ọ̀run là ń pè é. Ẹni tá à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gbọ́."

"Ká ní ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ nígbà tí ajá ọ̀run dé ńkọ́?"

"Mi ò bá ti pariwo títí ọ̀fun mi á fi ya."

"Òfin ńkọ́?"

"Wọn ò kọ́ èmi lófin. Àgùntàn ni mo dà dàgbà." Ó fa okùn náà le, ó dán an wò lórí orúnkún rẹ̀. "Ṣùgbọ́n àgùntàn ni mò ń sọ o, Akọ̀wé. Àgùntàn, títí ayé ni wàá máa pariwo fún un. Tí èmi bá pariwo fún àwọn wọ̀nyí lónìí, ta ni yóò pariwo fún wọn lọ́la tí èmi bá kú?"

Kò tù mí nínú. Ṣùgbọ́n mo jẹun.


Ọjọ́ karùn-ún.

Koríko tútù ti ń yọ lábẹ́ èyí tó gbẹ. O ní láti dọ̀bálẹ̀ kó o tó rí i. Àwọn ẹṣin ti rí i tipẹ́. Mẹ́jọ.


Ọjọ́ kejìdínlógún.

Ọjọ́ méjì ni mo fi wà níta. Mo ń kọ èyí pẹ̀lú bàtà mi lórí ààrò irin, èéfín ń jáde lára rẹ̀.

Ní ìjẹta, Dulmaa yà kúrò nínú agbo, ó wọ inú kòtò kan tó fara ti àpáta. Mo mọ̀ pé àkókò rẹ̀ tó. Bàbá wo sánmà, ó ní, "Padà sílé. Yìnyín ń bọ̀, irú èyí tó máa ń pa ọmọ ẹran nínú oṣù karùn-ún." Mo ní mi ò lọ. Ó bá mi jà, lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀wù onírun rẹ̀ jù mí, ẹran gbígbẹ àti ìgò tíì kan tẹ̀ lé e, ó sì ń bú mi lọ títí tí mi ò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Yìnyín náà dé lóòótọ́. Ó ń wá láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Mo so ẹṣin mi mọ́ ẹ̀yìn òkúta, mo jókòó sábẹ́ ikùn rẹ̀. Nígbà tí ìjì náà bá mí sínú díẹ̀, mo máa ń rí ẹ̀yìn Dulmaa, funfun, tí kò mira. Mo rò pé ó ti kú. Mo ro Uranaa. Mo rò pé wèrè ni mí, ìyá ọlọ́mọ kan tó ń di yìnyín nítorí ọmọ ẹlòmíràn.

Láàárọ̀ òní, gbogbo rẹ̀ dákẹ́, oòrùn yọ, ilẹ̀ ń dán débi tí ojú ń ro mí. Dulmaa gbọn ara rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ní ibì kan tí yìnyín kò dé, ohun kan gbọn ara tirẹ̀ náà.

Mi ò tíì yọ̀ tán tí mo fi rí wọn. Ajá ọ̀run méjì yẹn ni, wọ́n ń gòkè bọ̀, ẹsẹ̀ wọn ń rì. Mo dìde dúró. Mo ti pinnu. Mo ti pinnu látọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá, mi ò kàn kọ ọ́ síbí ni: mo máa pariwo, kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ bí wọ́n bá fẹ́. Mo la ẹnu.

Zes ló yà mí lẹ́nu. Láti ọ̀kánkán, láàárín agbo tó wà lórí òkè, òun ló kọ́kọ́ já wá, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, eyín rẹ̀ síta. Khongor kọjá lára rẹ̀ bí òkò. Àwọn abo yòókù tẹ̀lé wọn, wọ́n yí kòtò náà ká, ìdí wọn síta. Khongor bọ́ sáàárín àwọn méjì náà, ó fi ẹsẹ̀ iwájú tẹ ọ̀kan mọ́ yìnyín, mo gbọ́ tó ké. Ìyẹn gbé ẹsẹ̀ kan sókè bó ṣe ń sá lọ. Èkejì kò dúró wò ó.

Ẹnu mi ṣì là sílẹ̀. Ohùn kankan kò jáde níbẹ̀, mo fi búra.

Mẹ́sàn-án! Akọ ni.


Ọjọ́ kọkàndínlógún.

Mo sùn fún wákàtí mẹ́rìndínlógún. Bàbá kò jí mi. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ kà wọ́n, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pẹ̀lú lẹ́tà gbàgà-gbàgà: MẸ́SÀN-ÁN. ỌMỌ Ń MU ỌMÚ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún.

Lẹ́tà Chuluun, ọkọ mi, dé nípasẹ̀ awakọ̀. Wọ́n ti gbé e sí ọ̀nà ibodè níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan kó tó wálé. Ó ní Màmá ti ń sọ pé àwọn ń bọ̀ láti wá fojú ara àwọn rí ohun tó ń dá mi dúró. "Má bá wọn jiyàn," ló kọ. "Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn rí tó jàre." Wọ́n máa mú Uranaa dání.

Mo ti fọ gbogbo aṣọ mi. Bàbá Dagva gbá àgọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní eruku ló pọ̀.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà.

Wọ́n dé.

Màmá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ọba. Wọ́n gbá mi lójú mú. "O ti gbẹ. O dà bí ẹran tí wọ́n sá sórí àgọ́." Wọ́n àti Bàbá Dagva ṣe pàṣípààrọ̀ ìgò aṣáà, wọ́n béèrè àlàáfíà ẹran ara wọn, bẹ́ẹ̀ Màmá kò ní ju ológbò kan lọ. Wọ́n tọ́ tíì wò.

"Omi tí wọ́n fi fọ abọ́ lèyí?"

"Tíì ni, arábìnrin mi," ni Bàbá wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Uranaa wà lẹ́yìn wọn, ó di ẹ̀wù wọn mú. Ó ti ga sí i. Wọ́n ti gé irun rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́, mo fẹ́ gbóòórùn orí rẹ̀. Ó sá pamọ́.

"Kí i," ni Màmá wí. "Ta nìyí?"

Ó yọjú díẹ̀. "Àǹtí," ló wí.


Ọjọ́ keje.

Mo kọ ìwé pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kún ojú ìwé kan. Mo máa fún awakọ̀ nígbà tó bá padà wá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Mo sọ fún Bàbá Dagva níbi tó ti ń di gàárì.

"Ọjọ́ mélòó lo fi jókòó kí ẹṣin yẹn tó jẹ́ kó o súnmọ́ òun?" ló béèrè.

"Mẹ́tàdínlógún."

"Ọmọ tìrẹ ńkọ́?"

"Ó dé lánàá."

"Hẹ̀n," ló wí, ó sì gun ẹṣin rẹ̀ lọ.


Ọjọ́ kẹjọ.

Ọjọ́ ńlá. Bàbá ti àfonífojì dé, ó ń kígbe láti òkèèrè: "Dulmaa yẹn! Olóríkunkun! Ó ti kó gbogbo agbo gun orí òkè, ìdí rẹ̀ bí àpò ìyẹ̀fun!"

Màmá gbé ìgbakọ wọn sílẹ̀. "Ta lẹ ń bá wí?"

Bàbá wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Ẹṣin ni, Màmá," mo wí.

"Ẹṣin wo?"

"Èyí tó gbọ́n jù nínú wọn," ni Bàbá sáré dáhùn. "Òun ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé. Láìsí òun, kò sí agbo."

"Ìdí rẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá rántí pé òun fẹ́ lọ wo alùpùpù.

Màmá ní àfi kí àwọn rí ẹṣin náà. Ogún ọdún rèé tí wọn ò ti gun ẹṣin, ṣùgbọ́n wọ́n gun tèmi bí ẹni tó lánàá sọ̀ kalẹ̀. Mo fi awò náà hàn wọ́n. Wọ́n wo Dulmaa àti ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jìnnà sí òun," ni wọ́n wí.

Wọ́n tún wò ó sí i. Mo wá ròyìn yìnyín fún wọn, àti ti Zes. Nígbà tí a dé ilé, wọ́n bu ọbẹ̀ fún mi kí wọ́n tó bu fún Bàbá.


Ọjọ́ kọkànlá.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń jókòó sórí koríko nítòsí àgọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Mi ò pe Uranaa. Mi ò wò ó. Mo ń rán ìbọ̀sẹ̀. Lánàá, ó jókòó síbi tí ìgbẹ́ màlúù tí a fi ń dáná wà, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lónìí, ó rìn wá láti ẹ̀yìn mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mi ò yíjú padà.

"Ti ta nìyẹn?"

"Ìbọ̀sẹ̀ ni. Kò tíì sí ẹni tó ni ín."

"Ó kéré."

"Àbí ó tóbi?"

Ó jókòó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kan, ó na ẹsẹ̀ sí mi. Mo wọ̀ ọ́ fún un. Ó ṣe régí, bẹ́ẹ̀ mi ò wọn ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n rán èkejì kíá. Mo rán an kíá.


Ọjọ́ kẹrìnlá.

Uranaa ń béèrè ìwé tó fẹ́ yàwòrán sí. Ìwé ò tó nǹkan níbí, ti iṣẹ́ sì ni gbogbo èyí tó kù. Mo fún un ní ẹ̀yìn ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi. Ó ya Khongor síbẹ̀, ẹsẹ̀ márùn-ún. Mo ní kí ni ìkarùn-ún. Ó ní ìyẹn ló fi ń ta ajá ọ̀run ní ìpá. Bàbá ti ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ó fi orí lé mi lẹ́sẹ̀ títí ó fi yà á tán. Irun rẹ̀ ń rùn bí èéfín àti wàrà. Kò wúkọ́ rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, mi ò gbọ́ kó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún.

Òjò gidi, òjò rírọ̀. Màmá ti gba ìkòkò tíì lọ́wọ́ Bàbá pátápátá. Ó ń ṣe bí ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n abọ́ mẹ́rin ló mu. Mẹ́sàn-án.


Ogúnjọ́.

Mo gbé Uranaa dání lọ síbi agbo fún ìgbà àkọ́kọ́. A jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ wọn ti ń fẹ́ sí wa lójú, mo sì sọ fún un pé kó wá nǹkan ṣe. Ó ń fi òkúta kọ́ ilé. Mo kọ ti aago mẹ́wàá sílẹ̀: mẹ́sàn-án, wọ́n ń jẹko, kò sí wàhálà.

Ó gba awò lọ́wọ́ mi. Ó fi ojú kan ṣoṣo wò ó, ó fi ọwọ́ di èkejì.

"Mẹ́wàá," ló wí.

"Mẹ́sàn-án ni, ọmọ mi."

"Mẹ́wàá ni."

"Ó ṣeé ṣe kó o ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n máa ń rìn."

Ó tún wọn kà, ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tó dé òpin, ó fi awò náà sílẹ̀, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú ní ọwọ́ méjèèjì bí ìyá bàbá rẹ̀ gan-an, ó sì yí orí mi sí ọ̀nà tó fẹ́.

"Màmá. Wo ẹ̀yìn èyí tó gbẹ yẹn."

Gilbe ni. Gilbe tí egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, tí èmi, Bàbá àti dókítà ẹranko ilé iṣẹ́ wa jọ kọ sílẹ̀ pé kò lóyún. Ó dúró sínú koríko gíga, ohun kan sì ń gbìyànjú láti dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣubú, ó tún dìde.

Nínú ìwé iṣẹ́, ibì kan wà tí wọ́n ní ká kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ rí i sí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: Uranaa.


Ọjọ́ kejìlélógún.

Lórí rédíò, Ọ̀gá Sodnom ní iṣẹ́ náà ti di tèmi, wọn ò ní dúró kí oṣù mẹ́fà náà pé. Ìròyìn ti ọjọ́ ìjì yìnyín ló kà fún àwọn tó wà lókè. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ta ni Uranaa?"

"Ọmọ mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ààbọ̀."

Rédíò ń ha ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Sọ fún un pé ó ṣeun. Ṣùgbọ́n kò kọ ìṣẹ́jú tó rí i."

Mo sọ fún un. Ó ní, "Kí ló ń jẹ́ ìṣẹ́jú?"

Mi ò tíì sọ ohunkóhun fún Màmá nípa iṣẹ́ náà. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọkọ̀ ń bọ̀.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ọkọ̀ akẹ́rù dé láàárọ̀. Màmá ti di àpótí wọn láti àná, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ti Uranaa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò lè mu tíì. Bàbá Dagva ń tún alùpùpù tí kò bàjẹ́ ṣe.

Awakọ̀ gbé àpótí àkọ́kọ́ sínú ọkọ̀. Màmá wo ojú ọ̀nà, wọ́n wo àfonífojì, wọ́n wo Uranaa tó ń sáré lé eṣú kiri pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nìkan lẹ́sẹ̀.

"Ìyàwó," ni wọ́n wí, "ọmọ yìí ti wúkọ́ láti ìgbà tó dé bí?"

"Rárá, Màmá."

"Mo wí bẹ́ẹ̀." Wọ́n yíjú sí mi. "Ogún ọdún ni mo ti ń jí, tí mò ń ṣí aṣọ fèrèsé, tí mò ń wo ògiri ẹlòmíràn. Inú àgọ́ ni wọ́n bí mi sí o. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè."

"Màmá, ṣé..."

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Bàbá yìí kò mọ tíì í sè. Ebi á pa yín kí ìgbà òtútù tó dé." Wọ́n yíjú sí awakọ̀. "Kí lò ń gbé àpótí mi lọ síbẹ̀ fún? Ta ló rán ọ? Sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Tó o bá dé ìlú, sọ fún Chuluun ọmọ mi pé kó kó ẹ̀wù òtútù wa ránṣẹ́, ti èmi àti ti ọmọ, kó sì gbé ológbò mi fún aládùúgbò. Òun náà, tó bá ti ibodè dé, kó mọ ibi tí ilé wà."

Bàbá Dagva ti dìde, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Òun ló lọ gba àpótí náà lọ́wọ́ awakọ̀, ó gbé e wọlé fúnra rẹ̀, ó ń ráhùn pé kí ló wúwo tó báyìí nínú àpótí obìnrin.

Ọkọ̀ náà lọ. Màmá wọ́n wàrà tẹ̀ lé e.

Aago mẹ́jọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, mi ò sì tíì kọ ohunkóhun sílẹ̀ lónìí. Mo mú ìwé mi, mo di gàárì. Uranaa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, ó ti wọ bàtà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo gbé e síwájú mi, a sì gbọ̀nà àfonífojì.